Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Àjọ INEC: Ẹ Má Tún Fi Wá Sínú Òkùnkùn ní Alẹ́ Èsì Ìdìbò

Sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Amupitan,
Alága Àjọ Elétò Ìdìbò Nàìjíríà (INEC),
Abuja.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo sì ti ń tò síwájú àpótí ìbò láti ìgbà tí FEDECO, àjọ elétò ìdìbò ayé ìgbà náà, ń ṣètò rẹ̀. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ọmọ Ayétòrò-Gbẹdẹ ní ilẹ̀ Okùn ni yín, ẹ óò gbọ́ ọ yékéyéké, àwọn aládùúgbò mi náà á sì lè kà á kí wọ́n mọ̀ bóyá mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi bó ṣe yẹ.

Ìdìbò 2027 ti dé ẹnu ọ̀nà. Lójoojúmọ́ là ń gbọ́ nípa ìforúkọsílẹ̀, káàdì ìdìbò, ẹgbẹ́ tuntun àti àwọn tó ń ti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí a kò gbọ́ tó ni ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ ìdìbò gan-an, láti ìgbà tí wọ́n bá ti ka ìbò tán ní àdúgbò wa títí di ìgbà tí alága àjọ yóò dìde ní Abuja láti kéde ẹni tó wọlé. Àárín àkókò yẹn ni ìgbẹ́kẹ̀lé ọ̀pọ̀ wa ti já ní 2023. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

1. Ní ọjọ́ Sátidé, 25 oṣù Kejì 2023, ìbùdó ìdìbò tiwa parí iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí àwọn àgùnbánirọ̀ tó wá síbẹ̀. Ẹ rántí pé àsìkò tí owó náírà wọ́n bí ojú ni. Ẹni tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn tò sí bánkì tí kò rí owó gbà ṣì jáde wá tò síwájú àpótí. Wọ́n ka ìbò síta, ẹnu la fi ń bá wọn kà á, ti Ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀, ti aṣojú-ṣòfin. Àwọn ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ buwọ́ lùwé. Wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, wọ́n gbé BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, sókè, wọ́n ya àwòrán ìwé èsì, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó di alẹ́, iwájú ilé mi kún. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí wọ́n háyà yàrá ládùúgbò wa, àti ọ̀gá kan tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ Alábùràdà, ìyẹn PDP, ló ń ṣe láti 1999. A tan jẹnẹrétọ̀ nítorí kí fóònù lè ní iná. Èmi mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo fa ìlà sí i, mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ sókè. Ohun tí àjọ yín sọ fún wa kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀ ni pé àwòrán ìwé èsì láti ìbùdó kọ̀ọ̀kan yóò hàn lórí IReV, ìkànnì ayélujára tí àjọ yín fi ń gbé ìwé èsì síta, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù yóò rí i. A jókòó, à ń retí rẹ̀.

Èsì ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ti Ààrẹ kò wọlé. A dúró, a tún un ṣí, a ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní òpópónà Arákálẹ̀ ló bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí dáhùn títí wọ́n fi túká: “Bàbá Tíṣà, ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kan náà ni. Ọwọ́ kan náà ló mú un. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ṣe é. Ìdí rèé tí gbogbo àlàyé tó tẹ̀ lé e fi ṣòro fún wa láti gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣí ibùdó àkójọ èsì ní Abuja, títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, Èkìtì nìkan la gbọ́: APC 201,494, PDP 89,554. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní ó di aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láti Sátidé títí di òwúrọ̀ kùtù Ọjọ́rú, 1 oṣù Kẹta, ohun tí a ní lọ́wọ́ ni ohun tí olúkúlùkù rí lórí WhatsApp. Mo rí àwòrán ìwé èsì tí kò ní orúkọ wọ́ọ̀dù. Mo rí òmíràn tó jẹ́ pé àròpọ̀ rẹ̀ kò bá ara mu rárá, olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó fi í ránṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó dìbò fún Labour gbà pé wọ́n ti jí ìbò àwọn. Ọ̀gá ẹlẹ́gbẹ́ Alábùràdà ní kò tán nílẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó dìbò fún APC ń bẹ̀rù láti yọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ní ọjọ́ Ajé pé Labour ló mú ipò kìíní ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ ìran àti ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu àwọn tó ti ń gbé pọ̀ fún ogún ọdún.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́rú ni wọ́n kéde: Bọ́lá Tinubu ti APC 8,794,726, Atiku Abubakar ti PDP 6,984,520, Peter Obi ti Labour 6,101,533. Àwọn kan kígbe ayọ̀ láti inú yàrá wọn. Àwọn kan pa rédíò. Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa: àwọn tí inú wọn dùn náà jẹ gbèsè àlàyé fún ẹlòmíràn láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn títí di òní. APC ló wọlé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n ní 369,924, PDP ní 115,463. Kò sẹ́ni tó mọ ìpínlẹ̀ yìí tí ìyẹn máa yà lẹ́nu, nítorí ọmọ Yorùbá ló ń díje. Síbẹ̀, ẹni tó dìbò fún ẹni tó wọlé kò rí ìwé èsì fi han aládùúgbò rẹ̀ ní alẹ́ tó yẹ kó fi hàn án. Ẹ ṣẹ ẹni tó pàdánù, ẹ sì ṣẹ ẹni tó borí.

2. Ẹ má sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, a ti fi ojú ara wa rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ọdún 2020 ni IReV bẹ̀rẹ̀, nígbà ìdìbò kan tí wọ́n fi dí àlàfo ipò aṣòfin ní Nasarawa ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tó fi máa di 10 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó ti kàn wá nínú ìdìbò gómìnà. Oṣù kan péré ṣáájú rẹ̀ ni iná jó ní ọ́fíìsì INEC ní Àkúrẹ́, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ káàdì wò, tó tó 5,141, jóná. Ọ̀pọ̀ wa rò pé wọ́n máa sún ìdìbò síwájú ni. Wọn ò sún un. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, a dìbò, alẹ́ ọjọ́ náà la sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìwé èsì lórí fóònù. Rótìmí Akérédolú ti APC ní 292,830, Eyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti PDP ní 195,791. Mo mọ èrò ẹgbẹ́ méjèèjì ní àdúgbò mi. Wọ́n jiyàn lórí owó tí wọ́n pín, wọ́n jiyàn lórí ta ló da ta. Wọn ò jiyàn lórí iye tí wọ́n kà ní ìbùdó wa.

Ní 16 oṣù Kọkànlá 2024, a tún ṣe ti gómìnà. Ìbùdó ìdìbò 3,933 ló wà ní ìpínlẹ̀ yìí, láti Ọ̀kà Àkókó títí dé etí òkun ní Ìlàjẹ. Lucky Ayédatíwá ní 366,781, Àgbóọlá Àjàyí ní 117,845, APC sì gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Ẹ̀sùn ríra ìbò pọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wo ìwé èsì ìbùdó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn rí i wò.

Ó ṣiṣẹ́ ní 2020. Ó ṣiṣẹ́ ní 2024. Ó dákẹ́ ní 2023, ní alẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo Nàìjíríà ń wò ó, lórí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo Nàìjíríà ń dúró dè. Bílíọ̀nù náírà 305 ni àjọ náà sọ pé òun nílò fún ìdìbò ọdún náà. Ìbéèrè ọmọ tó ń lẹ táyà yẹn ṣì wà nílẹ̀.

3. Àlàyé tí àjọ yín ṣe pẹ́, ó sì yí padà. Lọ́jọ́ Àìkú, 26 oṣù Kejì, lẹ́yìn tí a ti sùn tí a sì jí, ni ìwé àjọ náà jáde pé ìṣòro ẹ̀rọ ni, pé IReV tó mọ́ ìdìbò ìpínlẹ̀ kan lára ni wọ́n wá fẹ̀ kí ó gba ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 2024, ìròyìn tí àjọ náà tẹ̀ jáde lórí ìdìbò náà sọ ohun tó ṣe kedere ju ìyẹn lọ: pé wọ́n ṣètò ẹ̀rọ náà láti to èsì sábẹ́ ìpínlẹ̀, èsì ti Ààrẹ kò sì sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, nítorí gbogbo orílẹ̀-èdè ni àgbègbè ìdìbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kò ṣe rí ibi tí yóò kó o sí.

Mo ka ìyẹn, ó yé mi. Ó tilẹ̀ dáhùn ìbéèrè pé kí ló dé tí ti sẹ́nétọ̀ fi wọlé. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé bó bá jẹ́ pé ẹnì kan bọ́ sórí rédíò ní alẹ́ Sátidé yẹn, tó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta, ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá gbà á. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ta ló tún ń fetí sílẹ̀? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí àjọ dákẹ́, ohun tí a rò pé ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà pọ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ronú dé ìdí yóò sì tún béèrè: ṣé wọn ò fi ìwé èsì Ààrẹ dán ẹ̀rọ náà wò kí ọjọ́ tó pé? Àgbègbè ìdìbò Ààrẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2023.

4. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí àwọn ará Oǹdó fi ń pariwo nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí ọ̀pọ̀ wọn dìbò fún ló wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ilé wa fún yín, nítorí ara wa kò gba kí èsì farapamọ́.

Mo wà ní Àkúrẹ́ ní oṣù Kẹjọ 1983. Ọ̀dọ́ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n kà ní wọ́ọ̀dù wa nínú ìdìbò gómìnà láàrin Olóyè Adékúnlé Ajáṣin ti UPN àti Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó ti NPN. Ọmọ́bóríowó ni FEDECO kéde. Ìkéde yẹn kò bá ohun tí ojú wa rí mu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èéfín ti gba ojú ọ̀run. Wọ́n jó ilé, wọ́n pa èèyàn, ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ìpínlẹ̀. Olóyè Ọláìyá Fágbàmígbé, tó ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ìlú yìí, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Èmi náà mọ àwọn òbí tó sin ọmọ lọ́sẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ padà dá Ajáṣin láre, títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè dá òkú padà. Kí ọdún náà tó parí, ológun ti gbàjọba.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni 12 oṣù Kẹfà 1993. A dìbò fún Abíọ́lá, a sì jókòó ti rédíò. Èsì ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlá ni àjọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu ń darí kà fún wa, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ìkéde dúró. Nígbà tó di 23 oṣù Kẹfà, ológun fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù ìdádúró kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ní ìlú yìí, bí ẹ bá sọ fún un lálẹ́ èsì pé “ó di ọ̀la,” 1993 ló ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni 2007. Wọ́n kéde Olúṣẹ́gun Àgágù pé òun ló wọlé gómìnà ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Olúṣẹ́gun Mímikò gba ilé ẹjọ́ lọ pẹ̀lú ìwé èsì àti ẹ̀rí, ó sì tó 23 oṣù Kejì 2009 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ pé òun ló wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí ẹni tí a kò yàn fi ń ṣàkóso wa. 

Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, tí adájọ́ sọ pé ohun tí àjọ elétò ìdìbò kéde kì í ṣe ohun tí àwọn èèyàn dì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìbùdó ìdìbò kọ́ ni ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù lójú tèmi. Òkè ni, níbi tí wọ́n ti ń ro ó pọ̀, níbi tí ojú olùdìbò kò tó.

5. Mo mọ ohun tí òfin wí, mi ò sì bá ilé ẹjọ́ jà. Ní 26 oṣù Kẹwàá 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé IReV kì í ṣe ibi àkójọ èsì, àti pé bí kò ṣe ṣiṣẹ́ kò tó láti fagi lé ìdìbò. Ẹjọ́ parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ta ló wọlé ni ilé ẹjọ́ dá. Ọ̀rọ̀ ohun tí aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ní alẹ́ ìdìbò kò parí sí kóòtù, ọwọ́ àjọ yín ló wà. Ibi yòówù kí àwọn aṣòfin fi àtúnṣe òfin sí, kò sí òfin tó ní kí ẹ má fi ìwé hàn wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, òfin ẹ̀rí wà lára ohun tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní yunifásítì. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé ẹ̀rí tó fara hàn lásìkò tó yẹ lágbára ju èyí tó jáde lẹ́yìn ìjà lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni èmi náà fi máàkì ìwé ìdánwò. Bí mo bá ka máàkì sókè ní kíláàsì tí mi ò dá ìwé padà fún ọmọ kó wo ibi tó ti gbà á àti ibi tó ti ṣì í, òbí rẹ̀ máa wá bá mi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Bí mo ṣe jẹ́ olódodo tó kò kàn án, ìwé ló fẹ́ rí.

6. Ẹ wo àwọn tí kò jáde mọ́. Ní 2023, 93,469,008 ló forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìbò tó wọlé kò sì pé mílíọ̀nù 25. Ní ìpínlẹ̀ wa ní 2024, 508,963 ni BVAS dá mọ̀ nínú 2,053,061. Ìdí pọ̀, ebi àti ẹ̀rù wà níbẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọ tó jókòó níwájú ilé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn sọ fún mi kò ju ọ̀kan lọ: “Bàbá, kí la fẹ́ lọ ṣe?”

Ó tó báyìí. Ohun tí a ń fẹ́ rèé.

7. Ẹ dán IReV wò ní gbangba kí ìdìbò tó dé, pẹ̀lú ìwé èsì ti Ààrẹ, láti gbogbo ìbùdó 176,846 tó wà ní orílẹ̀-èdè, tàbí láti èyí tó pọ̀ tó kí gbogbo èèyàn lè gbà pé a ti dán an wò. Ẹ jẹ́ kí oníròyìn àti ẹgbẹ́ òṣèlú wà níbẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ láti wọlé, ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ sọ ìdí rẹ̀.

8. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìbùdó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára sí síta, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a tó dìbò. Àwọn tó wà ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ohun èlò ìdìbò lọ. Kò sẹ́ni tó máa bínú bí èsì wọn bá pẹ́, bí a bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò pẹ́, tí a mọ ibi tí wọ́n máa gbé BVAS dé kó tó lè fi èsì ránṣẹ́, tí a sì mọ aago tí ẹ ń retí rẹ̀. Ìdádúró tí ẹ kò sọ tẹ́lẹ̀ ló ń bí ìjà.

9. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹ má fi ti ìbùdó ìdìbò nìkan mọ. Ìwé EC8A tó ń jáde láti ìbùdó, a ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀dà rẹ̀ tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ìyẹn EC60E, dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé EC8B tí wọ́n fi ń ro ti wọ́ọ̀dù pọ̀, àti EC8C ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn náà wà lórí IReV ní wákàtí tí wọ́n bá ti buwọ́ lù wọ́n, kí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́ọ̀dù 203 ló wà ní Oǹdó. Olùkọ́ kan pẹ̀lú ọmọ iléèwé méjì lè ro ti wọ́ọ̀dù kan pọ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ fún wa ní ìwé náà, àwa fúnra wa á bá yín ro ó. Bó bá bára mu, àwa náà la máa bá yín pa ẹnu oníjàgídíjàgan mọ́. Bí kò bá bára mu, ẹ óò tètè mọ̀, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Kí àwòrán náà sì ṣeé kà. Ọ̀rọ̀ ìwé èsì tí kò ṣeé kà dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn 2023. BVAS tó ya àwòrán ìwé èsì tí ọ̀rọ̀ kò hàn kedere, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́, kí òṣìṣẹ́ tún un yà lójú ejẹ́ǹtì kó tó kúrò níbẹ̀.

10. Ẹ máa bá wa sọ̀rọ̀. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò, ní wákàtí wákàtí, kí ọ̀gá àjọ yín ní Oǹdó bọ́ sórí rédíò kó sọ iye ìbùdó tí èsì wọn ti wọlé, iye tó kù, àti ibi tó há sí. Kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí wọ́n sọ ọ́ ní Hausa, Igbo, Ijaw àti èdè yòówù tí àwọn ará ibi kọ̀ọ̀kan gbọ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn dìbò ju àwa tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ, èmi sì ni mò ń túmọ̀ ìkéde fún wọn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó ju wákàtí kan lọ kí a tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

11. Ẹ má tún dá ìkéde dúró ní Abuja mọ́junmọ́, àfi bí ẹ bá ti kọ àkókò ìjókòó kọ̀ọ̀kan síta ṣáájú. Ẹ gba èsì ìpínlẹ̀ bí ó ṣe ń dé.

12. Apá 65 nínú òfin ìdìbò 2022, èyí tí wọ́n ti fi òfin tuntun rọ́pò ní 2026, ló fún àjọ yín ní ọjọ́ méje láti tún èsì tí wọ́n kéde lọ́nà tí kò bófin mu yẹ̀ wò. Agbára ńlá ni. Ẹ sọ fún wa ọ̀nà tí olùdìbò lásán, tí kì í ṣe ejẹ́ǹtì, tí kò ní lọ́yà, lè gbà mú ẹ̀rí wá fún yín láàárín àkókò tí òfin bá fún yín: nọ́ńbà wo ni kó pè, ọ́fíìsì wo ni kó lọ, ta ni yóò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì buwọ́ lù ú pé òun gbà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tó jókòó níwájú ilé mi ní 2023 ti ń béèrè bóyá kí wọ́n wá jókòó ní 2027. Mi ò tíì dá wọn lóhùn, èsì yín ni mò ń dúró dè. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun èlò ìdìbò, ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ mú ohun mẹ́fà tí a béèrè yìí, láti 7 dé 12, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ óò ṣe, èyí tí ẹ kò ní lè ṣe àti ìdí rẹ̀. Kí ọ́fíìsì yín ní Alágbàká lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìta, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi á mú àwọn tó bi mí léèrè lọ síbẹ̀ láti kà á.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òpópónà Arákálẹ̀, Àkúrẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó.